Bọ́tìnì Mẹ́rin Màdáámù

Ṣọ́ọ̀bù,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì gé ọ létí? Èmi wà o. Màdáámù ọmọ rẹ náà wà, ó jókòó sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó ń pàṣẹ fún àwọn oníbàárà bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ń sọ fún ìyàwó ilé pé, "Ẹ kọ̀yìn síbí kí Màmá wọn èjìká yín." Gbogbo wọn ló sì ń kọ̀yìn.

Má pè mí sórí fóònù, mo ti kìlọ̀ fún ọ. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ti gba etí mi lọ. Ohun tí mò ń gbọ́ nínú fóònù ò ju ariwo lọ. Lẹ́tà ni kí o kọ, kí n lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó o kọ kẹ́yìn, oṣù mẹ́ta rèé. Àbí wọ́n ti gba gègé lọ́wọ́ rẹ ni?

Wò ó, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo lílọ bíbọ̀ wa lórí ọwọ́ òsì Màdáámù tó máa ń di ẹ̀ṣẹ́, àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ọsibítù ti fún un lórúkọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: cerebral palsy, sẹ̀rẹ́bírà pọ́sì. Orúkọ ọ̀hún dà bí orúkọ oògùn ẹ̀fọn. Mo bi dókítà pé oògùn wo la máa rà. Ó ní kò sí oògùn tó máa mú un kúrò. Mo ní kó gún un lábẹ́rẹ́ nígbà náà. Ó ní ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kọ́. Kí ló wá kù? Ló bá ní ká lọ sí yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí.

Ẹní ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù, ṣíbí, àti ègé aṣọ tí wọ́n lẹ bọ́tìnì ńláńlá mọ́. Ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo kí i ní nọ́ọ̀sì, ó ní òun kọ́. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun kọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí yóò ṣe máa ṣe nǹkan òòjọ́ fúnra rẹ̀: kó jẹun, kó wẹ̀, kó wọṣọ. Ṣé wọ́n ń lọ sílé ìwé kọ́ ìyẹn náà ni? Odindi wákàtí kan, eré ni wọ́n ń ṣe. Mo ti sọ ọ́ ní Dókítà Eré.

Dókítà Eré ò bi èmi ní ìbéèrè, Màdáámù fúnra rẹ̀ ló bi. Ó ní, "Kí lo fẹ́ máa ṣe fúnra rẹ tí o ò tíì lè ṣe?" Ọmọ rẹ ní, "Mo fẹ́ máa di bọ́tìnì mi." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń gbé nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ! Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan mo ti di gbogbo ẹ̀ fún un tán.

Àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò pẹ́ lẹ́nu mi. Mo ti lọ bá ọ̀gá ilé ìwé tó wà lójú títì wa, èyí tí mò ń rán yunifọ́ọ̀mù fún. Ó ní òun máa gba Màdáámù ní oṣù Kẹsàn-án, bó bá lè wọṣọ fúnra rẹ̀ tó sì lè jẹun fúnra rẹ̀, nítorí tíṣà kan ló wà fún ogójì ọmọ. Ojú ara òun lòun máa fi rí i. Bí kò bá lè ṣe é, kò sí àyè.

Nǹkan kan tún wà. Dókítà Eré bi mí bóyá ọmọ náà ké nígbà tí wọ́n bí i. Mo ní mi ò rántí. Bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, irú àìsàn wo ni èyí tí kò ní oògùn? Orí mi ti dàrú.

Èmi ni,
Màmá rẹ

*

Yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi wá sí níbí, láàárín ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí mo bá fi máa jáde, kò sí agbára láti di gègé mú. Orí òkìtì aṣọ funfun ni mo ti ka lẹ́tà yín. Ọ̀gá wa rí omi lójú mi, ó ní kí n má jẹ́ kó kán sára aṣọ àlejò.

Mo béèrè. Obìnrin tá a jọ ń lọ aṣọ ní àbúrò kan tó ní irú ẹ̀. Ọkùnrin náà ti dàgbà, aago ló ń tún ṣe. Obìnrin náà ní ọwọ́ Màdáámù fúnra rẹ̀ ò ṣàìsàn. Ọpọlọ ló farapa, bóyá nínú oyún, bóyá lọ́jọ́ ìbí, bóyá kété lẹ́yìn rẹ̀. Ọpọlọ ló ń rán ọwọ́ níṣẹ́, ọwọ́ ò sì gbọ́ iṣẹ́ ọ̀hún bó ṣe yẹ. Kì í ràn. Ọgbẹ́ inú ọpọlọ yẹn kì í fẹ̀ sí i. Kì í sì í lọ.

Màmá, ibi tó ti dá mi rú nìyẹn. Tí kì í bá lọ, kí la wá ń ṣe lórí ẹní? Obìnrin náà ní ohun tí ọmọ bá kọ́ lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ ló máa mú lọ sílé. Ó ní àbúrò òun lo ọ̀pọ̀ oṣù láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí ìgò. Mo ṣe bí ẹni pé ó yé mi.

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ò rántí bóyá ó ké. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ìwọ̀n ìdí gbogbo ìyàwó àdúgbò! Ẹ wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n sọ pé kí n máa mí, mi ò rí nǹkan kan. Èmi tiẹ̀ máa ń ronú pé bóyá àwọn korobá omi tí mo ń gbé nínú oyún ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ fún mi.

Ẹ ṣe ohunkóhun tí Dókítà Eré bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Mo fẹ́ kó wọ ilé ìwé yẹn.

Ọmọ yín

*

Ṣọ́ọ̀bù,
Ogúnjọ́, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

O ṣé tó o fèsì. Jẹun dáadáa, má sunkún sára aṣọ àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

Gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Dókítà Eré ní kí n rán ìbọ̀wọ́ kan, èyí tí kò ní ìka ju àtàǹpàkò lọ, bí àpò kékeré. Ó ní kí n máa fi bo Màdáámù lọ́wọ́ kan fún wákàtí kan lójúmọ́, nígbà tá a bá ń ṣeré tàbí tó bá ń jẹun, kí n sì jókòó tì í. Ó yà á sórí bébà fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì ló máa ń wá sí ọsibítù wa, àwọn ibòmíràn náà ń dúró dè é.

Mo délé, mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. Ha! Ọwọ́ ọ̀tún ló yà! Ọwọ́ tó dá ṣáṣá! Èyí tí kò dáa ló wá fi sílẹ̀ lásán. Ṣé ọwọ́ òsì ni kí ọmọ mi máa fi jẹun ni, lójú àwọn oníbàárà?

Àmọ́ mi ò bínú sí i, nítorí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ tuntun máa ń ṣe é. Wọ́n á da ojú pátánù dé, wọ́n á gé apá méjì tó jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ọmọ náà kọjú sí i nígbà tó ń yà á, ọ̀tún bọ́ sí òsì, òsì bọ́ sí ọ̀tún. Mo yí bébà náà dà, mo rán an fún ọwọ́ òsì. Aṣọ múlọ́múlọ́ ni mo lò, mo tún fi òwú pupa ya òdòdó sí i lára. Ó rẹwà.

Màdáámù ní, "Màmá, Dókítà ní ọwọ́ kejì ni." Mo ní kó panu mọ́, kí ló mọ̀ nípa pátánù? Báyìí, kì í sunkún rárá tí ìbọ̀wọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wákàtí méjì ni mo tiẹ̀ ń fi sí i, kó lè yá. Ọwọ́ òsì ọ̀hún ti ń rọlẹ̀, ó sinmi. Bí ìrẹsì bá ń dà sílẹ̀, mo máa ń fi ṣíbí bá a gbé e sẹ́nu.

Mi ò ní sọ fún Dókítà Eré pé ó ṣì í yà. Ọ̀dọ́ ni, ojú á tì í.

Ní ti ọjọ́ ìbí, mo ti ní mi ò rántí. Má fi ìyẹn dà mí láàmú.

Màmá rẹ

*

Yàrá ìfọṣọ,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin

Màmá,

Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn! Kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí tán, ẹ bọ́ ọ!

Dókítà ò ṣì í yà. Mo ka lẹ́tà yín fún obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó jókòó lójijì. Ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ kí ẹ bò, kí òsì lè rí iṣẹ́ ṣe. Bí ọ̀tún bá wà ní gbangba, òsì ò ní yọjú láéláé, ọ̀tún á máa bá a ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ wá di èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́! Wákàtí méjì lójúmọ́! Oṣù mélòó ló kù sí oṣù Kẹsàn-án?

Ọmọ náà sọ fún yín, Màmá. Ó sọ fún yín pé ọwọ́ kejì ni. Ẹ ní kó panu mọ́.

Mo fẹ́ sọ ohun tó wà nínú mi. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fún un lóúnjẹ, ẹ̀yin lẹ̀ ń di bọ́tìnì, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e gorí tábìlì. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ ò jẹ́ kó ní ọwọ́ tirẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sùn síbẹ̀ ni, wọ́n sì ní àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí. Bí ilé ìwé ò bá gbà á ní oṣù Kẹsàn-án, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ó dùn mí láti kọ ọ́. Àmọ́ mi ò mọ ohun míì tí mo lè ṣe láti ibi tí mo wà.

Ọmọ yín

*

Yàrá ìfọṣọ,
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ ò fèsì. Mo pe fóònù aládùúgbò yín tó ń ta ọṣẹ, ó ní ẹ wà, ẹ kàn ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù ni. Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé ara Màdáámù le? Ṣé ẹ̀ ń bínú ni?

Ẹnu mi gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dárí jì mí, ẹ má fi ọmọ gbẹ̀san. Ẹ kọ ìlà kan péré. Ẹ tiẹ̀ kọ èébú.

Ọmọ yín

*

Ṣọ́ọ̀bù,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Ara wa le. Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ìtìjú ló kù, ẹni tí ojú sì ń tì kì í rí ọ̀rọ̀ kọ.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ náà lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé. Nígbà tí Dókítà Eré wá, mo gbé e fún un, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé á pariwo mọ́ mi. Ó wo òdòdó pupa yẹn, ó ní mo mọ iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó fi sikáàfù rẹ̀ dì í mọ́ mi láyà, ó gbé abẹ́rẹ́ àti òwú fún mi, ó ní kí n fi òsì ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Èmi! Èmi tí mo lè ki òwú nígbà tí mo ń tòògbé! Mo ki í, kò wọlé. Mo fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, ó já bọ́. Òógùn bò mí. Mo fẹ́ yọ ọ̀tún jáde, Dókítà ní, "Ẹ dúró, Màmá." Màdáámù ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sórí ẹní. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n bá yín ṣe é?" Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní, "Fi mí sílẹ̀!"

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo gbọ́ ara mi. Ọjọ́ yẹn ló yé mi. Gbogbo "kí n bá ọ ṣe é" tí mo ti ń sọ fún un láti kékeré.

Nígbà tí òwú wọlé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó gbà mí tó ìdajì wákàtí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù. A ń bo ọ̀tún báyìí, wákàtí kan, bó ṣe wí. Ó ń fi òsì ti bọ́ọ̀lù, ó ń fi mú ègé aṣọ sínú agbọ̀n. Ó máa ń sunkún. Èmi náà máa ń sunkún. Lẹ́yìn wákàtí yẹn a máa ń bọ́ ọ, ọwọ́ méjèèjì á wá jọ ṣiṣẹ́: òsì á tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ọ̀tún á ti bọ́tìnì. Dókítà ní òsì ò ní dà bí ọ̀tún láé, pé ká má retí ìyẹn. Ó ní kó kàn jẹ́ olùrànlọ́wọ́ tó ń dé ibi iṣẹ́. Títí di àná, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ti wọlé.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ń fi pamọ́. Mo rántí ọjọ́ náà. Òwúrọ̀ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ́. Ogójì yunifọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, wọ́n fẹ́ wá kó wọn ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní, "Ó kù díẹ̀, ọmọ àkọ́bí kì í yára, rìn yíká ṣọ́ọ̀bù kí n parí etí aṣọ yìí." A ò dé ọsibítù títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọmọ náà ò ké. Ó pẹ́ kó tó ké. Mo ka ìṣẹ́jú náà lójú aago tó wà lára ògiri, mo sì ń kà á títí di òní. Nítorí náà ni mo ṣe ń bá a ṣe gbogbo nǹkan. Gbèsè ni mo rò pé mo ń san.

Mo sọ fún Dókítà Eré. Ó ní òun ò lè sọ pé ìyẹn ló fà á, òun ò sì lè sọ pé ìyẹn kọ́. Ó ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ títí. Irú èsì wo nìyẹn? Mo fẹ́ kó sọ ọ̀kan, kí n lè sùn.

Bínú sí mi tó o bá fẹ́. Àmọ́ má gbé e lọ síbi tí yóò máa sùn láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́ta ló kù. Jẹ́ ká gbìyànjú.

Màmá rẹ

*

Yàrá ìfọṣọ,
Ọjọ́ kejì, oṣù Keje

Màmá mi,

Mo ka lẹ́tà yín, mo tún un kà, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ta ló sọ pé ẹ̀yin lẹ ní ká dúró?

Èmi ni! Mo rántí dáadáa. Mo di etí tábìlì mú, ẹ ní, "Ṣé ká lọ?" Mo ní, "Rárá, ẹ parí rẹ̀ ná, kò tíì le." Ẹ̀rù ọsibítù ló ń bà mí. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ló lé mi dé ibí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ pé iṣẹ́ nìkan ni. Mi ò lè máa wo ọwọ́ ọmọ náà lójoojúmọ́.

Èwo wá ni òtítọ́? Ṣé àwa méjèèjì la sọ ọ́ ni? Àbí kò sẹ́ni tó sọ ọ́? Obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká yé bi ara wa léèrè, pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ò béèrè ìyẹn, bọ́tìnì ló béèrè.

Mo ti kọ̀wé sí ilé yẹn pé kí wọ́n dúró. Mi ò ní kí wọ́n fagi lé e. Kí wọ́n dúró ná. Ẹ sọ fún mi bí oṣù Kẹsàn-án bá ṣe lọ, bó ti wù kó rí. Ẹ má ṣe é lẹ́wà fún mi.

Ọmọ yín

*

Ṣọ́ọ̀bù,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án

Ọmọ mi,

O ní kí n má ṣe é lẹ́wà, mo ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ká dúró, mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Mo rántí ẹnu mi, ìwọ náà rántí ẹnu rẹ. Mi ò mọ̀ mọ́. Jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọ̀gá ilé ìwé ní ká wá. Èmi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù náà, bọ́tìnì mẹ́rin níwájú. Ó wù mí láti rán àwọn ègé aṣọ tó máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn sí i dípò bọ́tìnì, mo bi Dókítà Eré, ó ní òun náà ì bá fara mọ́ ọn, pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Màdáámù ló kọ̀. Ó ní bọ́tìnì lòun sọ.

Wọ́n gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀ kọ́kọ́. Ó fi òsì tẹ etí àwo, ó fi ọ̀tún jẹ ẹ́. Ó da díẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn tó kù náà ń dà á. Ó wá kan aṣọ. Ó ki apá òsì bọ̀ ọ́ ṣáájú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó wá ki ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀ bọ́tìnì láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ òsì ń sá, ó ń sọ fún un pé, "Padà wá." Ọ̀kan wọlé. Aago ògiri ọ́fíìsì yẹn ń lọ, mo kọ̀ láti wò ó. Èkejì wọlé. Ọ̀gá fẹ́ na ọwọ́ ràn án lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Ẹ̀kẹta gba gbogbo ara rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

Ó parí. Ó gbójú sókè. Gbogbo bọ́tìnì ló ti fo ihò kan, ti òkè pátápátá ò sì ríhò wọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kọ́là kan ń kan etí rẹ̀, apá kan aṣọ gùn ju èkejì lọ.

Ọ̀gá wo aṣọ náà, ó wò mí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n òun ló wọ̀ ọ́." Ó ṣí ìwé, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Sọ fún ilé tó ń dúró yẹn kí wọ́n má dúró mọ́.

Àárọ̀ òní ló bẹ̀rẹ̀. Ó tún ti fo ihò kan. Mo jókòó sórí ìjókòó ẹ̀rọ mi, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ ìdí, nítorí wọ́n ń yún mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ó dáa?" Mo ní, "O ti wọ̀ ọ́ tán." Ó fi ẹsẹ̀ òsì yẹn wọ́ kọjá títì, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn títí dé géètì, àwọn ìyá tó ń mú ọmọ wá ń wo aṣọ tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mi ló ti jáde.

Mi ò tún un ṣe.

Màmá rẹ